Fẹ́ńsì màmá aládùúgbò ti lanu nítorí omi tá à ń fà ní sáìtì ilé ìtajà ńlá ní V.I., kí ni kí n ṣe?

ỌmọSáìtì_VI

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ibí. Mo máa ń kà lásán ni, n kì í sábà kọ nǹkan, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi, mo ní kí n kúkú gbé e wá síwájú àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Èmi ni mò ń dúró ti iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan ní Victoria Island. Ilé ìtajà là ń kọ́, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù lásán o, ti àwọn olówó ni, aṣọ àti báàgì àti aago ọwọ́ tí owó ọ̀kan tó ra mọ́tò, àjà mẹ́ta lókè, bésímẹ́ńtì kan nísàlẹ̀ tí wọ́n máa páàkì mọ́tò sí. Ẹni tó ni iṣẹ́ fẹ́ kí gbogbo iwájú jẹ́ gíláàsì látilẹ̀ dókè, kò fẹ́ rí òpó kankan láàárín gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, mábù funfun ló máa wà nílẹ̀, ó sì ti ń sọ fáyé pé oṣù Kejìlá lòun máa ṣí i kí àwọn tó ń tòkè òkun bọ̀ wá ṣọdún lè nájà níbẹ̀.

Ìdí bésímẹ́ńtì yìí la ṣì wà. Ẹ mọ ilẹ̀ V.I., ẹ ò tíì gbẹ́ ẹ tó mítà kan ààbọ̀ tí omi á ti yọjú, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an la sì wà yìí. Pọ́ńpù méjì ló ń fa omi tọ̀sán-tòru, ẹ̀kẹta wà ní sẹpẹ́. Níjẹta, màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé wa wá sí géètì. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn dì mí lọ́wọ́ mú pé "Ọmọ mi, wá bá mi wo nǹkan." Fẹ́ńsì wọn ti lanu látòkè délẹ̀, ọmọńdinrín mi wọ inú ẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Wọ́n ti fi bírò kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, mo ṣírò ẹ̀, ọjọ́ kẹrin tá a tan pọ́ńpù ni. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn kì í pa dé mọ́, ó ń há nísàlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ náà ti rì díẹ̀, mo da omi ife kan síbẹ̀, apá ọ̀dọ̀ wa lomi yẹn ṣàn sí.

Mo sọ fún ọ̀gá mi, ọ̀gá ní fẹ́ńsì àtijọ́ ni, pé ó ti sán ká tó dé, ká máa báṣẹ́ lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé omi tá à ń fà ló fà á lóòótọ́? Tí mo bá ní kí wọ́n pa pọ́ńpù ńkọ́? Àwọn tó ti kọ́ irú ilé báyìí, ẹ tún bá mi sọ nípa gíláàsì àti mábù, torí ó dà bíi pé gbogbo ẹ̀ ló máa dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá_Páìlì

Àbúrò, o ṣeun tó o bi wá. Ṣáájú ohun gbogbo, má pa pọ́ńpù lójijì, má sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ju ibi tó dé yẹn lọ.

Gbogbo ohun tó o sọ, omi tẹ́ ẹ̀ ń fà ló jọ pé ó fà á. Ilẹ̀ erékùṣù yẹn, yanrìn ló wà lókè, púpọ̀ ẹ̀ jẹ́ yanrìn tí wọ́n kó wá dí irà, àmọ́ lábẹ́ yanrìn yẹn, níbi púpọ̀, amọ̀ rírọ̀ ló wà, dúdú, òórùn ewé jíjẹrà ló máa ń rùn. Omi tó wà nínú ilẹ̀ ń bá ilẹ̀ gbé ẹrù ni. Ṣé o ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí rí? Wò ó bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀gẹ́ rírin sápò tí wọ́n á wá fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, bí omi bá ṣe ń ro jáde ni àpò ń fẹ́lẹ́. Bí amọ̀ abẹ́ ilé màmá yẹn ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ rò pé omi sáìtì yín nìkan lẹ̀ ń fà, omi ò mọ fẹ́ńsì o, ti abẹ́ ilé wọn náà ń bọ̀ wá bá yín, tí omi bá sì ti lọ, ilé tó jókòó lé e á relẹ̀. Kò ní relẹ̀ dọ́gba, apá tó sún mọ́ yín á relẹ̀ ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni ògiri ti ń lanu.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe kẹ́ ẹ tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí sáìtì ká pẹ̀lú ògiri abẹ́ ilẹ̀, yálà páànù irin tí wọ́n ń gbá wọlẹ̀ tó ń kọ́ ara wọn lẹ́nu, tàbí páìlì kọnkéré, ìyẹn òpó gígùn tí wọ́n ń rì wọlẹ̀, tí wọ́n tò wọnú ara wọn, kó jìn dé ibi tí omi ò ti ní lè gba abẹ́ wọlé. Inú ògiri yẹn lẹ ó wá ti máa fa omi, ti ìta á dúró sáyè ẹ̀. Ní báyìí tẹ́ ò ṣe é, ó ṣì ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ páànù irin lẹ máa lò, ẹ má fi òòlù ńlá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ti ń sán, ẹ̀rọ tó ń fi jẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ sì lè máa dá lára omi yẹn padà sílẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ màmá nípasẹ̀ kànga kéékèèké, kí omi abẹ́ ilé wọn má bàa wálẹ̀ sí i. Bí omi tẹ́ ẹ̀ ń fà bá ń jáde ní rírú bí omi tí wọ́n fi fọ yanrìn, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i, ilẹ̀ gan-an lẹ̀ ń fà jáde yẹn. Bu omi ọ̀hún sínú ike kan, fi sílẹ̀ dàárọ̀, wo ìdí ẹ̀.

Lórí ibi tó sán, wá gíláàsì tín-ín-rín, fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tó lanu, kọ déètì sí i. Tó bá fọ́, a jẹ́ pé ó ṣì ń lọ. Kí surveyor máa wọn gíga ilẹ̀ ilé màmá lójoojúmọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán.

Nípa pípa pọ́ńpù, tẹ́ ẹ bá pa á ní báyìí, omi á ru gba ìsàlẹ̀, á máa ti yanrìn sókè, ẹ̀gbẹ́ kòtò á ya lulẹ̀, fẹ́ńsì á bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá sì tún pa á lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti da kọnkéré ìdí bésímẹ́ńtì, wàhálà mìíràn nìyẹn. Omi tó ga ní mítà 1 ń fi ẹrù tọ́ọ̀nù 1 ti ilẹ̀ sókè lórí ibi tó fẹ̀ tó mítà 1 níbùú lóròó. Tí ìdí bésímẹ́ńtì yín bá wọ omi ní mítà 3, tọ́ọ̀nù 3 ló ń tì í bọ̀ lókè. Kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 60 kò pé tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Á léfòó bí ọkọ̀ ojú omi ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé pọ́ńpù kì í kú títí ilé á fi wúwo tó, tàbí kí páìlì dì í mú sísàlẹ̀, ẹnjiníà tó ya iṣẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú nínú ìwé pé ẹ lè pa á. Ẹ má ṣe é lẹ́nu lásán. Kẹ́ ẹ sì ní jẹnẹrétọ̀ méjì, kí ọ̀kan máà wá kú lóru kí ilé gbéra.

Alágbàṣe_Ìkòròdú

Ẹ má bínú o bàbá wa, àmọ́ tá a bá ní ká ṣe gbogbo èyí, ilé ò ní parí láé. Èmi ti ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí lọ́pọ̀ ìgbà, a fa omi, a da kọnkéré, a jáde. Ẹ bá màmá tún fẹ́ńsì ṣe, ẹ fún wọn lówó díẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Ẹni tó ni iṣẹ́ ń retí oṣù Kejìlá.

Bàbá_Páìlì

Arákùnrin mi, mo gbọ́ yín. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ò ní bésímẹ́ńtì ní Lẹ́kí yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ yìí ń gbẹ́. Èmi wà ní Ìkòyí lọ́sẹ̀ tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, 1 November 2021, ó lé ní 40 èèyàn tó bá a lọ, lébìrà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ tó wá ṣiṣẹ́ òòjọ́. Mo dúró sẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, mo rí ìyá kan tó mú fótò ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ tó ń fi han gbogbo ẹni tó bá wọ bàtà sáìtì. Látìgbà yẹn, n ò fẹ́ gbọ́ "ká máa báṣẹ́ lọ" mọ́, látẹnu ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ń sọ pé ẹ má parí ilé. Ẹ jẹ́ kí àwọn LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, wá wò ó ní ìpele ìpele bí òfin ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é, kí Lagos State Materials Testing Laboratory yẹ kọnkéré yín wò, kẹ́ ẹ sì dá màmá yẹn lóhùn.

Àbúrò, gbọ̀ngàn tí ò ní òpó yẹn náà, bi ẹnjiníà yín bóyá ó mọ̀ sí i. Kí òpó tó kúrò láàárín, bíìmù òkè gbọ́dọ̀ jìn sí i tàbí kí ó jẹ́ irin, òpó ẹ̀gbẹ́ àti páìlì abẹ́ wọn ló máa gba ẹrù tí òpó àárín ìbá gbé. Ìpinnu yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá ti rí òpó kan lójijì tó ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ nígbà tí fáúndéṣọ̀n ti wà nílẹ̀, kọ̀ jálẹ̀.

Tóyọ̀sí_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo ti ṣiṣẹ́ logistics lórí sáìtì ilé ìtajà mẹ́ta láàárín ìlú níbí. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn ló dùn mí jù. Níbí, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Party Wall Act, ti 1996. Tó o bá máa gbẹ́ ilẹ̀ láàárín mítà 3 sí ilé ẹlòmíì, tó o sì máa gbẹ́ ẹ kọjá ìsàlẹ̀ fáúndéṣọ̀n tiẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún onítọ̀hún ṣáájú, tó bá jìn gan-an ó lè dé mítà 6. Surveyor á wọ ilé aládùúgbò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á ya fótò gbogbo ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn òmíì, á kọ ọ́ sílẹ̀, onílé á ní tiẹ̀, ẹ̀yin náà á ní tiyín. Tí ọ̀gá bá wá ní ó ti sán tẹ́lẹ̀, ẹ ṣí ìwé. Ọ̀gá tiyín ò ní ìwé kankan tó máa ṣí, màmá ló ní déètì tí wọ́n fi bírò kọ. Ìwọ̀nba ohun tó ṣì ṣeé ṣe ni kó o lọ ya gbogbo ilé wọn lónìí pẹ̀lú àṣẹ wọn, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán, kó o sì fún wọn ní tiwọn.

Gbọ̀ngàn fífẹ̀ tí ò ní òpó púpọ̀ yẹn, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olówó ti ń wá a. Selfridges, ilé ìtajà ńlá kan ní Oxford Street níbí, 1909 ni wọ́n ṣí i, èèyàn á rí àwọn òpó òkúta ràgàjì níwájú á rò pé àwọn ló gbé ilé dúró, irin ló gbé e dúró nínú. Irin yẹn ni wọ́n fi rí àyè ṣe fèrèsé ńláńlá tí gbogbo èèyàn ń dúró wò láti títì.

Ohun kan tó tún máa dé bá ẹ ni àyè. Mábù, gíláàsì, ẹ̀rọ AC, lífítì, gbogbo ẹ̀ ló máa fẹ́ wọlé lọ́sẹ̀ kan náà, títì V.I. ò sì fẹ̀. Tiwa, òru la fi ń gba ẹrù, mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní ìdajì wákàtí tiẹ̀, tó bá pẹ́ ó ti pàdánù àyè ẹ̀ nìyẹn.

Gíláàsì_Àdìó

Lórí gíláàsì, gbọ́ tèmi. Ìgbà kan a wọn iwájú ilé kan lórí dírọ́ọ̀nì, a pàṣẹ gíláàsì láti China, ó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a gbé àkọ́kọ́ sókè, kò wọlé. Bíìmù tí wọ́n dà ti yẹ̀ ní mílímítà 22 lápá kan. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná sè kò ṣeé gé mọ́ o, o fi nǹkan kàn án báyìí, gbogbo ẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́. A jókòó sílẹ̀ a ń wò ó. Torí náà dúró kí kọnkéré parí, kó o wá wọn ihò kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́ta, kó o tó pàṣẹ. Fi ẹyọ bíi mélòó kan lé e, torí èyí tó bá fọ́ ní Àpápá, oṣù mẹ́ta mìíràn nìyẹn.

Irin tí gíláàsì á jókòó sí, tó bá jẹ́ stainless, irú tí wọ́n ń pè ní 316 ni kẹ́ ẹ bèèrè, kì í ṣe 304. Atẹ́gùn òkun V.I. ní iyọ̀, 304 á máa yọ ìpẹtà bí omi tíì láàárín ọdún díẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ńkọ́, ibo ni iwájú yín kọjú sí? Tó bá jẹ́ ìwọ̀ oòrùn, láti aago mẹ́ta ọ̀sán ilé á máa gbóná bí ààrò, gbogbo AC tẹ́ ẹ rà ò ní ká a, báàgì awọ á máa ṣá lórí sẹ́ẹ̀fù. Ilé ìtajà Alara níbẹ̀ ní V.I., tí David Adjaye ya, ẹ lọ wò ó bó ṣe fi nǹkan bo iwájú ẹ̀ dípò kó tú u sílẹ̀ fún oòrùn. Ó rẹwà, ó sì ní ìdí.

Ìyá_Ìbejì_QS

Ẹ̀gbọ́n mi Bàbá Páìlì ti sọ tán lórí ilẹ̀. Èmi, owó ni mo fẹ́ bi ẹ́, ọmọ mi. Ìwé àdéhùn yín, ṣé ibì kan wà níbẹ̀ tó sọ ẹni tó máa ru ẹrù tí dọ́là bá gbéra? Ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ò tó ₦470 ní báńkì, nígbà tó fi máa di February 2024 ó ti kọjá ₦1,400. Sìmẹ́ńtì àpò kan náà kọjá ₦10,000 níbi púpọ̀ lásìkò yẹn. Mo mọ agbaṣẹ́ṣe kan tó gba iṣẹ́ mábù àti lífítì ní náírà kí gbogbo ẹ̀ tó yí, ilé tó ń gbé ló tà kó tó parí iṣẹ́ oníṣẹ́. Irú ilé tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ yìí, ìdajì nǹkan tó máa wọ inú ẹ̀ ló ń tòkè òkun bọ̀.

Àti oṣù Kejìlá yìí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ẹni tó ni iṣẹ́ nísìnsìnyí tí inú ẹ̀ ṣì lè rọ̀, pé déètì yẹn ò ṣeé ṣe. La Samaritaine, ilé ìtajà ńlá kan ní Paris, àwọn LVMH, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà àwọn olówó, ló ni ín, owó ò wọ́n wọn, 2005 ni wọ́n tì í torí ọ̀rọ̀ ààbò, 2021 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ẹjọ́ lórí gíláàsì iwájú ẹ̀ lápá Rue de Rivoli nìkan gba wọn lákòókò. N ò ní kẹ́ ẹ lo ọdún mẹ́rìndínlógún o, àmọ́ ẹni tó ń ta báàgì ẹgbẹ̀rún dọ́là gbọ́dọ̀ lè fara da oṣù mẹ́rin.

Owó àtúnṣe ilé màmá, kó o kọ ọ́ sínú ìnáwó báyìí, má dúró dìgbà tí lọ́yà bá kọ̀wé.

Onímábù_Kétu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kétu ni mo ti wá, ní Benin, ọdún kẹtàlá mi rèé ní Èkó, táìsì àti mábù ni mò ń tẹ́, àwa tó wá láti ọ̀hún la pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí, kàrò la máa ń pè é nílé. Mo fẹ́ sọ ti mábù torí ohun tí bàbá sọ lórí omi, mábù ló máa fi hàn.

Mábù funfun kì í bo àṣírí. Tí kọnkéré abẹ́ ẹ̀ bá ṣì tutù, omi á máa fa iyọ̀ bọ̀ lókè, oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣí ilé, ẹ máa rí àwọ̀ yẹ́lò ní igun igun ẹ̀, nígbà míì funfun bí ìyẹ̀fun lójú ibi tí ẹyọ méjì ti pàdé. Kò ṣeé fọ̀, yíyọ ni. Kí n tó tẹ́ ẹyọ kan, mo máa ń gé nylon tó nípọn, kí ó fẹ̀ tó gígùn apá èèyàn, màá fi tépù lẹ etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, màá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan àti òru kan. Tí mo bá ṣí i tí ìrì wà nínú ẹ̀ tàbí tí kọnkéré ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, n ò ní tẹ́ ẹ, kó o fi ọlọ́pàá lé mi. Sìmẹ́ńtì lásán kọ́ la fi ń lẹ̀ ẹ́ o, sìmẹ́ńtì eérú á ta sókè á mú mábù ṣú, gọ́ọ̀mù funfun ti mábù ni.

Gbogbo mábù, kó jẹ́ láti inú òkúta kan náà ni kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ tò ó gbẹ sílẹ̀ lábẹ́ iná tó máa wà níbẹ̀ gan-an, kí ẹni tó ni ilé wá rìn lórí ẹ̀ wò ó. Iṣan ara òkúta máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó o bá tò ó láìwò, ọ̀kan á lọ sókè èkejì á lọ sí ẹ̀gbẹ́. Àtẹ̀gùn àti ibi ẹ̀yìn ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti Italy ṣe, mábù wà ní Ìgbẹ́tì níbí tó dáa. Mábù ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, lẹ́yìn síílìn, lẹ́yìn AC, lẹ́yìn pẹ́ńtì. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ torí fótò, ẹ fi pákó bò ó.

ỌmọSáìtì_VI

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ gidi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà wá.

Mo bu omi tá à ń fà sínú ike bí bàbá ṣe wí, nígbà tó di àárọ̀ yanrìn wà nídìí ẹ̀ tó ìka méjì. Mo gbé ike yẹn lọ bá ọ̀gá, mo gbé e ka orí tábìlì wọn, pẹ̀lú fótò ilé màmá mẹ́tàdínlógójì, n ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá wò ó, wọ́n pe ẹnjiníà tó ya iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹnjiníà ní òun ti kọ ògiri abẹ́ ilẹ̀ sínú dírọ́ọ̀nì, pé wọ́n yọ ọ́ kúrò láti dín owó kù, ọ̀gá ò sì jiyàn. Iṣẹ́ dúró. A ti dín fífa omi kù díẹ̀díẹ̀, a kó yanrìn padà sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí màmá kí ẹ̀gbẹ́ kòtò lè dúró, ẹ̀rọ tó ń fi jẹ́jẹ́ ti páànù irin wọlẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ bínú gan-an lórí oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán.

Gíláàsì tín-ín-rín tí mo lẹ̀ mọ́ fẹ́ńsì, àkọ́kọ́ fọ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo lẹ òmíì lẹ́yìn tá a dín omi kù, ọjọ́ kẹfà ẹ̀ rèé, ó ṣì wà lódindi. Màmá náà ń kọ déètì tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láràárọ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn ṣì ń há, kápẹ́ńtà wa ń lọ bá wọn fá ìdí ẹ̀ lọ́la láago mẹ́jọ, mo ní kó má fá a jù torí ilẹ̀ yẹn ò tíì jókòó.